Ìdìde Kì í Ṣe Ìtẹ̀lé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi ìbúra àwọn olóyè tuntun ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta

 

Oyè méje ló wà nínú ìwé tí atọ́kùn ètò fi ń pè mí jáde. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ fún un, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó ka mẹ́ta, iná lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ó ti fi ẹnu lásán ka mẹ́rin tó kù, àwọn tó wà níwájú nìkan ló gbọ́. Nítorí náà, olóyè mẹ́ta ni mí fún ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí akọ̀wé yín kọ sí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò fi ń gbọ́ràn sí olórí lẹ́nu mọ́. Mo pè é lórí fóònù pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó ní gọ́tà ni. Ẹgbẹ́ ti kọ ìwé ìkéde lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ẹnì kan wá lọ́jọ́ Sátidé, kí a jọ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà ojú títì. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yìí, àwọn tó wá kò ju márùn-ún lọ rí. Ó wá fi kún un pé, “Bẹ́ẹ̀, mà, gbogbo wọn ló ń dọ̀bálẹ̀ fún alága bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà o.”

Ọ̀rọ̀ tó fi kún un yẹn ló gbé mi dé ibí, kì í ṣe àkòrí tó wà nínú ìwé. Àwọn ènìyàn yín kò rí yín fín. Wọ́n ń dìde fún yín. Wọn kò kàn dìde tẹ̀lé yín ni. Ohun méjì ni, ohun kan náà sì kọ́ ni a fi ń rí méjèèjì gbà. Oyè tó láti mú kí wọ́n dìde fúnni. Kí wọ́n tẹ̀léni, agbára oyè kò dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ara mi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo wá bá wí. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn olùkọ́ tí mo bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jù mí lọ. Méjì ti ń kọ́ni kí èmi tó wọ girama. Ọjọ́ Ajé tí mo débẹ̀, mo jókòó sórí àga ọ̀gá, àga tí ń yí bírí yẹn, mo sì kọ ìwé ìkéde: gbogbo olùkọ́ gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí rẹ́jísítà, kò sì gbọdọ̀ kọjá aago méje ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Bí mo bá wọ yàrá olùkọ́, gbogbo wọn á dìde, “Ẹ káàárọ̀, mà” á sì gba ẹnu wọn kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí orúkọ tí kò sí nínú rẹ́jísítà ní aago méje ààbọ̀ géérégé. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi lórí fóònù láti ròyìn fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá. Wọ́n á fọwọ́ síwèé tán, wọ́n á forí lé abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà wọn ní pẹ̀lẹ́, àwọn ọmọ á sì máa pariwo nínú kíláàsì. N kò rí ẹ̀sùn kan kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo pa láṣẹ ni wọ́n ṣe. Ìfọwọ́síwèé ni mo pa láṣẹ.

Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, ìjì ká òrùlé kíláàsì mẹ́ta lọ. Mo fi owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wá káfíńtà, mo sì tún kọ ìwé: kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá ní Sátidé, kí a kó páànù tó fọ́n ká jọ, kí a yọ ìṣó ara wọn, kí iṣẹ́ káfíńtà lè yá. Sátidé dé, èmi àti igbákejì mi nìkan la dúró sáàárín páànù bí ẹni tó wá wo ibi ìjàǹbá. Bàbá kan tún wà níbẹ̀, nítorí pé inú ọgbà ilé-ìwé ló ń gbé. Òun ló ń lu agogo, Bàbá Alágogo ni gbogbo wa ń pè é. Nínú ìwé ìjọba, kò sí ipò tó kéré sí tirẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé náà. Ó wò wá títí, ó ní, “Màdáámù, ẹ fún mi ní Sátidé kan sí i.”

N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo kàn ń rí i lálaalẹ́ ọ̀sẹ̀ náà tó ń mú tọ́ọ̀ṣì dání, tó ń ti ilé olùkọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní Sátidé kejì, àyè kò gba gbogbo àwọn tó wá. Olùkọ́ ìṣirò wa, àgbàlagbà tó ń kí mi bí ẹni tó ń san owó orí, òun ló gun òrùlé.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bi Bàbá Alágogo pé kí ló sọ fún wọn. Ó ní òun kò sọ nǹkan kan, òun kàn ní kí wọ́n wá bá òun ṣe é ni. Mo rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bàbá yìí ló wá ọkọ̀ lóru ọjọ́ tí ìyàwó olùkọ́ ìṣirò ń rọbí. Òun ló bá ẹlòmíràn gbẹ́ ilẹ̀ sàréè bàbá rẹ̀. Kò sí ilé òṣìṣẹ́ kan nínú ọgbà yẹn tí kò tíì bá wọn ṣàìsùn rí. Gbogbo wọn jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sì sin ẹnikẹ́ni rí. Sátidé yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa béèrè.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ìlànà mi àkọ́kọ́, èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí tó kún dúrọ́ọ̀: n kì í pàṣẹ ohun tí n kò tíì fi ọwọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀. Kí a tó tún kọ ìwé ìkéde lórí pípẹ́ dé, mo kọ́kọ́ gba kíláàsì kan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kínní ní gírámà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lójoojúmọ́, ní ojúkojú igi máńgòrò. Oṣù kan kò pé tí abẹ́ igi yẹn fi dá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọ̀gá tó bá ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́ kò ju ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Mo mọ ọ̀pọ̀ irú wọn, wọ́n fẹ́ràn ìgbálẹ̀ nítorí pé ìgbálẹ̀ kò béèrè ìpinnu. Kí a bẹ̀rẹ̀ ni mo wí, n kò ní kí a máa dá a ṣe.

Àwọn kan á ní ayé ló bàjẹ́, pé láyé àtijọ́, bí ọba bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́. Òótọ́ ni pé Kábíyèsí la fi ń kí ọba, ká bi í kò sí. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń kí Aláàfin bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀ lálẹ́, ìjòyè méje wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an ni kí wọ́n bi í: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápìínni, Lágùnnà, Akíníkú àti Aṣípa. Àwọn ni Ọ̀yọ́ Mèsì. Bí ọ̀rọ̀ bá burú tán, Baṣọ̀run ló máa sọ fún Aláàfin pé òrìṣà ti kọ̀ ọ́, ìlú ti kọ̀ ọ́, ilẹ̀ pàápàá ti kọ̀ ọ́. Ọba tó bá gbọ́ ìyẹn mọ ohun tó kù kí òun ṣe.

Ẹ wo Aláàfin Awólè, ní òpin sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí kíkọ ìtàn Yorùbá ní 1897 tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Awólè ń bá Afọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun rẹ̀, ṣe ọ̀tá abẹ́nú. Ó rán an lógun sí Ìwéré, ìlú tó ṣòro gbà, ó sì mọ̀ pé Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun kì í padà wálé láàyè. Àṣẹ ọba ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Àwọn ọmọ ogun gbọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbéra. Bí wọ́n ti dé Ìwéré, wọ́n yí padà, wọ́n wá pàgọ́ sẹ́yìn odi Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo tí a dé lómọrí, àmì pé wọ́n kọ̀ ọ́, ránṣẹ́ sí i. Kò sẹ́ni tó gba adé lórí Awólè kí ó tó rán wọn níṣẹ́ yẹn. Aláàfin ni lọ́jọ́ tó pàṣẹ, Aláàfin náà ni lọ́jọ́ tí igbá dé ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí oyè lè fúnni ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi ẹni tí yóò lọ.

Èyí kò sọ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì di ẹni mímọ́. Ṣáájú Awólè, Baṣọ̀run Gáà lo agbára àtibi ọba yìí débi pé òun ló kù tó ń fi ẹni tó wù ú jẹ, tó sì ń pa ẹni tí kò wù ú, kó tó di pé Aláàfin Abíọ́dún rí i mú ní 1774. Ẹni tí oyè rẹ̀ jẹ́ láti dá ẹlòmíràn lẹ́kun náà nílò ẹni tí yóò dá a lẹ́kun. Ẹ̀yin alábòójútó owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ta ni ọ̀gá wa àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá? Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà. Kí ni oyè rẹ̀? Àgbẹ̀ ni. Àáró ló fi kó àwọn ènìyàn jọ: lónìí a ṣe oko tèmi, lọ́la a ṣe tìrẹ. Ìtàn ẹnu sọ pé ó bá àwọn yòókù ṣe oko wọn títí, nígbà tó wá kan tirẹ̀, kò ní kí wọ́n wá bá òun kọ ebè. Ó ní kí wọ́n wá bá òun lé àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, tó ń jẹ gàba lórí Ẹ̀gbá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí lọ́mọdé, ogun ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Bàbá Alágogo ló kọ́ mi láti gbọ́ ti àáró inú rẹ̀. Ṣódẹkẹ́ náà tó kó wa dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830 kì í ṣe ọba. Ọdún 24 ni a fi gbé ìlú yìí kí Okúkẹ́nù tó jẹ Aláké àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1854.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọba kò wúlò. Ohun tí Ẹ̀gbá mọ̀ ni pé ọba kì í dá ìlú ṣe. Ògbóni wà, Olórógun àwọn ológun wà, Pàràkòyí àwọn oníṣòwò wà, Ìyálóde wà. Òyìnbó ló dé tó ní ìyẹn ti pọ̀ jù, ó fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí òun yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ó sọ Aláké di Aláṣẹ Kanṣoṣo: òun ni owó orí, òun ni ilé ẹjọ́, òun ni gbogbo rẹ̀. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tó gorí oyè ní 1920, kì í ṣe ènìyàn búburú. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ìkà. Ohun tó ṣe é ni pé wọ́n wó gbogbo ògiri tó yí i ká, wọ́n sì sọ fún un pé ààfin rẹ̀ ti tóbi sí i.

Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba tún ń gba ìrẹsì lórí àtẹ lọ́wọ́ wọn. Ní àkókò yẹn, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé kan ń kọ́ àwọn ìyálọ́jà kan ní ìwé kíkà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó kàwé ló kọ́kọ́ ní. Nígbà tí àwọn ìyálọ́jà wọlé tí wọ́n sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ó bọ́ gáùn òyìnbó, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì ń fi Yorùbá ṣe ìpàdé, bí àwọn òyìnbó ìjọba tilẹ̀ jókòó níbẹ̀. Kí wọ́n wá ògbufọ̀. Ní 1946, ẹgbẹ́ ìyáàfin di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, ẹni tó ń ta ata àti ẹni tó ń kọ́ni wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà sọ pé àwọn tó 20,000.

Ní òpin 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó síwájú ààfin ní Aké, wọ́n sùn síbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kọ nípa àkókò yẹn nínú ìwé rẹ̀ Aké tó jáde ní 1981. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni ti oúnjẹ. Ta ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀? Ta ló ń tọ́jú ọjà, ta ló ń gbé ọmọ? Ìwé ìkéde kò lè ṣètò irú ìyẹn. Àwọn tó ti ń jókòó pọ̀ nídìí sílétì lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́ta ló lè ṣe é.

Ẹ mọ bó ṣe parí. Àwọn ìjòyè náà yíjú padà. Ní 1948 Kábíyèsí fi ìlú sílẹ̀. Ní January 1949 ó kéde pé òun fi oyè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé dúró síbẹ̀, àwọn obìnrin ṣẹ́gun, ó tán. Kò tán o. Ní December 1950, Aláké padà sí Aké, ó sì wà lórí oyè títí di 1962. Ẹni kan náà, adé kan náà. Agbára Aláṣẹ Kanṣoṣo nìkan ni kò bá a padà. Mo bi ìyá mi àgbà nígbà kan pé ṣé Aláké tó padà wá yìí dára ju ti ìṣáájú lọ ni. Ó ní, “Ó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́.”

Kí ẹ má baà ní mo ń gbé ẹnì kan gun orí òrùlé, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní 1959, Ìyáàfin Ransome-Kútì yìí kan náà fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó dá dúró du ipò náà, kò wọlé. Àwọn tó sùn síwájú ààfin nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ ẹ́ ní ìbò. Gbèsè àáró ní oko tirẹ̀. Ẹni tó bá yín tún gọ́tà ṣe kò tíì di ẹni tí ẹ gbọ́dọ̀ fún ní ọmọ fẹ́.

Ìlànà mi kejì kò pọ̀ lọ títí, ìtìjú ni mo fi kọ́ ọ. Akọ̀wé owó ilé-ìwé wa wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé owó ìdánwò kò pé. Mo jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló jí i. Kò jí i. Àwọn òbí ni kò tíì san. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mú ìròyìn burúkú wọ ọ́fíìsì mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ̀rọ omi ilé ìgbé àwọn ọmọ fi bàjẹ́, ẹnu ọmọ kan tó ń ru omi ni mo ti gbọ́. Mo lọ bẹ akọ̀wé owó níwájú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jágbe mọ́ ọn, nítorí pé gbangba ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá, mo máa ń fún un ní àga kó tó sọ ọ́. Àga náà ràn mí lọ́wọ́ jù ú lọ, torí ó ń fún mi láyè láti mí kanlẹ̀.

Lọ́dún kan lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo ya ilé-ìwé yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lẹ́nu géètì. Ó na ìwé àlejò sí mi. Mo ní, “Ṣé o mọ̀ mí?” Ó ní, “Rárá, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ wá ṣe.” Inú bí mi. N kò ní purọ́ fún yín, inú bí mi gidigidi, èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa oyè. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Fọ́tò mi wà lára ògiri ọ́fíìsì láàárín àwọn ọ̀gá àtijọ́, ibi tí ojú rẹ̀ kò lè dé láti géètì. Mo kọ ọ́. Níbi ohun tí mo wá ṣe, mo kọ pé mo wá kí Bàbá Alágogo. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fò dìde, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi gbé báàgì mi.

Gọ́tà wá ńkọ́? Mo gba ibẹ̀ kọjá bí mo ṣe ń bọ̀, ọ̀rá omi ti dí i dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo bi akọ̀wé pé àwọn márùn-ún wo ló wá. Ó ní ìyá ẹlẹ́kọ kan àti ọmọ rẹ̀ méjì, ọmọkùnrin tó ń lẹ táyà, àti bàbá tó ń pèrun. Mo ní, alága ńkọ́? Akọ̀wé dákẹ́. Alága, ẹ má bínú. Ó dáa, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má kọ ìwé ìkéde kẹrin. Ẹ lọ bá ìyá ẹlẹ́kọ yẹn nílé, kí ẹ ní kó wá bá yín ṣe é, kí òun náà lọ bá àwọn tó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́bìrì tèmi wà nínú búùtù ọkọ̀. Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, ẹ óò bá mi níwájú mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin olóyè, ẹ wọ bàtà rọ́bà wá o, omi ibẹ̀ ti dé orúnkún.